Yapok: ṣé ọwọ́ ló fi ń lúwẹ̀ẹ́ ni àbí ẹsẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ ń gun igi?

#1 Ayàwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè mi lè dà bíi ti ọmọdé, àmọ́ kò jẹ́ kí n sùn láti ìjẹta.

Mò ń ya kátúùnù oníṣẹ́jú mẹ́ta kan nípa ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ yapok. Ẹranko alápò ni, ìyẹn irú èyí tó ń tọ́ ọmọ nínú àpò ara rẹ̀, ẹbí àwọn opossum. Odò inú igbó ló ń gbé, láti gúúsù Mẹ́síkò títí dé àríwá Ajẹntínà. Mo pín eré náà sí ìran mẹ́ta: yapok nínú omi, yapok lórí ilẹ̀, yapok lórí igi. Ìran ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ó fi ìrù so rọ̀ sórí ẹ̀ka, ó ń wo òṣùpá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kátúùnù kì í gba "ó ṣáà ń rìn". Mo gbọ́dọ̀ mọ ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé, èyí tó tẹ̀ lé e, àti ibi tí ìrù wà lásìkò náà. Nínú omi, bí ajá ni mo ṣe yà á: ọwọ́ méjèèjì ń gbá omi níwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbá a lẹ́yìn. Orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ni Chironectes, "afọwọ́lúwẹ̀ẹ́" sì ni wọ́n ní ó túmọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́ gan-an. Mo fi han ẹnì kan, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ gbà mí o.

#2 Ọmọ_Ẹlẹ́ja

Ẹ dúró ná. Alápò? Ṣebí Ọsirélíà ni gbogbo ẹranko alápò ń gbé? Ta ló fún kangarúù ní físà Mẹ́síkò?

#3 Olùkọ́_Àgbà

Ọmọ Ẹlẹ́ja, ẹ̀rín rẹ dáa, àmọ́ irú opossum tó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lé ní 100. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé láti ayébáyé. Òmíràn ń gbé orí igi, òmíràn ń gbé ilẹ̀, àwọn kan sì ń ṣe méjèèjì. Yapok nìkan ni odò ti di ilé fún, nínú gbogbo ẹranko alápò tó ṣì wà láyé.

Ayàwòrán, ọmọ mi, orúkọ yẹn ló tàn ọ́ jẹ. Ìwọ nìkan kọ́ ló sì tàn. Nígbà tí onímọ̀ ẹranko kan, Zimmermann, kọ́kọ́ fún ẹranko yìí ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1780, otter ló pè é, ẹranko odò kan tó ń jẹ ẹja. Lutra minima ló kọ sílẹ̀, ìyẹn otter tó kéré jù. Ní 1811 ni onímọ̀ mìíràn, Illiger, fún un ní Chironectes, afọwọ́lúwẹ̀ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì í mú, ẹnì kejì náà ṣì í mú.

Kì í fi ọwọ́ lúwẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ní awọ láàárín ìka bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, awọ náà sì dé ṣóńṣó ìka. Ọwọ́ iwájú kò ní awọ kankan. Bó bá wọ omi, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á wá máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ọ mọ ohun tó ń ṣe, ìwà rẹ̀ nìkan ni kò dáa.

#4 Ayàwòrán

Yéè! Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ti bọ́ sódò báyìí.

Ẹ ṣeun Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ò bá gbá omi, kí ni kí n ní ó ń ṣe? Kó kàn nà síwájú gbọnrangandan?

#5 Akọ́niLúwẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí ẹ tó dé orí ọwọ́. Iṣẹ́ mi ni mo rí níbí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ni mò ń kọ́ ní lúwẹ̀ẹ́.

Àbúrò, má ya ẹsẹ̀ tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ bí ọ̀pá agogo. Ọ̀nà méjì ni ìgbá kọ̀ọ̀kan pín sí, wọn ò sì jọra. Nígbà tó bá ń ti omi, ìka á yà, awọ á fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ á ti omi sẹ́yìn pẹ̀lú agbára. Nígbà tó bá ń dá ẹsẹ̀ padà síwájú, ìka á pa dé, awọ á ká, ẹsẹ̀ á rọra yọ́ kọjá. Bí o bá ya awọ ní fífẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń padà bọ̀, ẹranko rẹ á máa dá ara rẹ̀ dúró ni. Ẹni tó bá ti fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. O ò ní fi ojú àjẹ̀ gbalaja fa omi padà, àfi tí o bá fẹ́ kí ọkọ̀ máa pòyì lójú kan.

Nígbà tí ọ̀tún ń tì, òsì ń padà. Nígbà tí òsì ń tì, ọ̀tún ń padà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àkókò tí ara dá dúró pátápátá. Ọ̀pọ̀lọ́ odò tó máa ń ta ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń lọ ní fòò, á dẹwọ́, á tún lọ ní fòò. Tí o bá ya yapok rẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ onírun lo yà.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ojú rẹ rí: irun rẹ̀ kúrú, ó sì ki débi pé omi kì í wọ̀ ọ́ dé awọ ara. Afẹ́fẹ́ há sáàárín irun náà. Omi máa ń gba ooru lára ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20, ẹranko tí ara rẹ̀ kéré sì ni òtútù tètè ń mú jù. Láìsí afẹ́fẹ́ inú irun yẹn, kò ní pẹ́ lódò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ló ń gbé e léfòó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsàlẹ̀ odò lohun tó ń wá wà. Ṣé o ti mọ ìdí tí ẹsẹ̀ ò fi gbọ́dọ̀ sinmi nígbà tó bá mòòkùn?

#6 Jagunmólú

Mo ń ka gbogbo yín o. Ìbéèrè kan. Ajá fi mẹ́rin lúwẹ̀ẹ́, ẹṣin fi mẹ́rin lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ mẹ́rin, tó wá pa méjì, ṣé ó gbọ́n bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí mẹ́rin yá ju méjì lọ. Ìṣirò lásán ni.

#7 Olùkọ́_Àgbà

Jagunmólú, o béèrè ohun tó dáa. Onímọ̀ kan ti fi méjèèjì wéra, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1993. Orúkọ rẹ̀ ni Frank Fish, ẹja ni "Fish" túmọ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń ṣàwàdà. Ó fi bí yapok ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ wé ti opossum Virginia, ìyẹn opossum ńlá tí wọ́n mọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, tó ń gbé ilẹ̀ àti igi. Opossum Virginia mọ lúwẹ̀ẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń gbá, bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tí ilẹ̀ wá yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Yapok ni kò lo ọwọ́.

Ní ti ẹ̀rọ mẹ́rin tí o sọ: omi tí ọwọ́ ti dà rú níwájú ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wá gbá. Omi tó ti ń rú kò ṣeé tì dáadáa mọ́. Méjì tó ní awọ fífẹ̀, tó ń ti omi tó dákẹ́, lè sàn ju mẹ́rin tó ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́.

#8 Ọmọ_Ẹlẹ́ja

Ẹja jókòó, ó ń ṣèwádìí ẹni tó ń jẹ ẹja. Ayé yìí!

#9 Jagunmólú

Mo gbà díẹ̀. Platypus ńkọ́, ẹranko odò Ọsirélíà tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ? Ọwọ́ lòun náà fi ń lúwẹ̀ẹ́, mo ti rí fídíò rẹ̀. Alápò sì ni.

#10 Olùkọ́_Àgbà

Ìdajì ni o gbà. Ọwọ́ iwájú ni platypus fi ń ti omi lóòótọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń darí ara. Awọ ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ gùn kọjá èékánná, á wá ká a padà sínú àtẹ́lẹwọ́ bó bá dé orí ilẹ̀. Bí Illiger bá fẹ́ ẹni tí yóò fún ní "afọwọ́lúwẹ̀ẹ́", òun ló yẹ kó fún.

Ṣùgbọ́n platypus kì í ṣe alápò. Ẹyin ló ń yé. Ẹbí mìíràn ni.

Ayàwòrán, mo ti jẹ ọ́ ní gbèsè ìdáhùn lórí ọwọ́. Ọwọ́ yapok ni ojú rẹ̀ nínú omi. Òru ló ń jẹun, odò sì dúdú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn fẹ̀ díẹ̀, èékánná wọn kéré gan-an. Egungun kan sì wà ní ọrùn ọwọ́ tó ti dàgbà yọ síta débi pé ó dà bí ìka kẹfà. Bó ti ń lọ, ọwọ́ wà níwájú, ó ń wá alákàn, edé, ẹja kékeré, ọ̀pọ̀lọ́. Irun imú rẹ̀ tó nípọn ń bá a wá a. Nítorí náà kì í ṣe gbọnrangandan. Bí ẹni tó wọ yàrá tí iná ti kú, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó má baà kọ lu nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kí o yà á.

Ìdáhùn kejì rèé fún Jagunmólú pẹ̀lú: ọwọ́ tó ń gbá omi kò lè tún máa wá alákàn.

#11 Ayàwòrán

Ẹni tó wọ yàrá tí iná ti kú! Ẹ ti ya á fún mi tán. Mo ti rí i báyìí.

Ìrù ńkọ́?

#12 Akọ́niLúwẹ̀ẹ́

Jẹ́ kó tẹ̀ lé ara lẹ́yìn. Ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ nígbà púpọ̀, o lè fi jẹ́ kí ìṣíkiri yẹn dùn ún wò, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń tì í lọ. Má fì í bí ìrù ọ̀nì. Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Bí mo sì ṣe mọ̀ ọ́n lára àwọn tí mò ń kọ́, ẹni tó bá ń ti omi ní ẹsẹ̀ kan-ẹsẹ̀ kan, ìdí rẹ̀ á máa yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Díẹ̀ ni o. Kó má lọ dà bí ẹni tó ń jó.

#13 Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò mọ sáyẹ́ǹsì, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń kà á, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, ó sì yà mí lẹ́nu pé gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin yìí ò béèrè. Alápò ni, ẹ ní. Inú àpò lọmọ wà. Ìyá sì ń mòòkùn. Àwọn ọmọ náà ńkọ́?

#14 Akọ́niLúwẹ̀ẹ́

Obìnrin lèmi o, Mọ̀mí, èmi náà ò sì ronú kàn án. Ojú ti mí.

#15 Olùkọ́_Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ ti wọ ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnu àpò yapok kọjú sẹ́yìn, síhà ìrù. Bí ìyá bá ń lọ síwájú nínú omi, omi kò ní máa rọ́ wọ ibẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tó. Iṣan kan yí ẹnu àpò ká, ìyá lè fún un pa bí ẹni fa okùn ẹnu àpò owó. Irun tó wà létí àpò àti ọ̀rá tí ara ń sun síbẹ̀ á wá dí ojú ihò tó bá kù. Ọmọ wà ní gbígbẹ nínú ẹranko tó wà lábẹ́ odò. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpò kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà lè fara dà á fún ìṣẹ́jú mélòó kan, títí ìyá á fi yọrí.

Akọ pẹ̀lú ní àpò. Kì í ṣe ti ọmọ. Kórópọ̀n rẹ̀ ló ń fà wọ inú rẹ̀ bó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ tàbí tó fẹ́ sáré, kí omi àti igi má baà pa á lára. Àpò ti akọ kì í pa dé pátápátá bíi ti abo. Nínú àwọn alápò tó kù láyé, yapok nìkan ni akọ àti abo rẹ̀ ní àpò báyìí. Ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ni thylacine, ẹranko tó jọ ìkookò ní Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn sì kú sínú ọgbà ẹranko ní Hobart ní 1936.

#16 Ìyá_Ìbejì

Ah, Ọlọ́run mà tóbi o. Okùn ẹnu àpò owó! Mo dúpẹ́, Bàbá.

#17 Ọmọ_Ẹlẹ́ja

Ayàwòrán, gbogbo ìgbà ni wàá máa pè é ní yapok nínú kátúùnù rẹ? Àwọn ọmọdé ò ní lè pè é. Pè é ní "eku omi", ó tán.

#18 Olùkọ́_Àgbà

Ojú lásán ló fi jọ eku. Eku kì í ní àpò, opossum sì jìnnà sí eku ju bí èèyàn ṣe jìnnà sí eku lọ. Èèyàn àti eku, inú oyún ni ọmọ àwọn méjèèjì ti ń dàgbà pẹ́. Ti opossum kì í pẹ́ rárá. Jẹ́ kó máa jẹ́ yapok. Wọ́n ní láti ara orúkọ odò Oyapock ló ti wá, odò tó pààlà sáàárín Gúyánà ti Faransé àti Bràsílì. Ọmọdé tó lè pe "dinosaur" lè pe yapok.

#19 Ayàwòrán

Yapok ló máa jẹ́.

Ó yá, orí ilẹ̀. Mo ti yà á pé ó ń fò bí kangarúù kékeré torí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi. Ẹ sọ fún mi kí n tó tún fi ọjọ́ mẹ́rin ṣòfò.

#20 Olùkọ́_Àgbà

Nu ún nù. Kì í fò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn.

Bí ọ̀pọ̀ ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ṣe ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nìyí: ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún. Tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Bí opossum tó ń gbé ilẹ̀ bá wá ń yára, ẹ̀yìn òsì àti iwájú ọ̀tún á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ kúrò nílẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà ni méjì yòókù.

Má fún un ní ìrìn tó gùn. Ihò rẹ̀ wà ní bèbè odò gan-an, ẹnu ihò náà sì sábà máa ń wà lókè omi díẹ̀. Ìrìn orí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju láti inú omi bọ́ sórí òkúta kan láti jẹun, láti orí òkúta sí ihò. Nígbà mìíràn á tẹ́ ewé àti koríko sí ibi tó ṣókùnkùn, á sì sùn síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ohun tí mo rò pé yóò dára nínú kátúùnù rèé: ó máa ń fi ọwọ́ kó ewé, á tì í sábẹ́ ikùn lọ sẹ́yìn, ìrù á sì ká mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ lá ṣe gbé ẹrù ewé rẹ̀ lọ sílé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ráyè rìn.

#21 Ayàwòrán

Ìrù tó ń ru ẹrù! Ẹ ò rí i? Bí ìrù rẹ̀ bá lè di ewé mú, ó lè di ẹ̀ka mú. Ìran ìkẹta mi ti dúró nìyẹn. Yapok lórí igi, òṣùpá lókè.

#22 Jagunmólú

Níbi tí mo ti ń retí yín nìyí. Bàbá, ẹ má tún tú iṣẹ́ ọmọ yìí ká o.

#23 Olùkọ́_Àgbà

Mo fẹ́ kó jẹ́ pé irọ́ ni mo fẹ́ pa.

Yapok lè gun nǹkan bó bá di dandan, kì í ṣe pé kò lè ṣe é rárá. Àmọ́ kì í sábà gun igi. Wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Opossum tó mọ igi gùn, ìka ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀ dá yàtọ̀, ó kọjú sí àwọn yòókù bí àtàǹpàkò ọwọ́ wa, kò sì ní èékánná. Ìka yẹn ló fi ń gbá ẹ̀ka mú láti ẹ̀yìn. Ti yapok, awọ ti so ìka ńlá náà pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, kí ẹsẹ̀ lè fẹ̀ bí ojú àjẹ̀. Àjẹ̀ kì í di ẹ̀ka mú. Ìrù rẹ̀ náà nípọn ju ohun tó lè wé mọ́ ẹ̀ka kó sì gbé ara dúró. Ewé kì í wúwo, ara rẹ̀ ńkọ́?

Ní ti pé kó so rọ̀ kó máa wo òṣùpá: opossum Virginia tí ìrù rẹ̀ mọ igi dì mú dáadáa pàápàá kì í fi ìrù so rọ̀ sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ìwé ọmọdé kún fún un. Ọmọ rẹ̀ lè so rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àgbà fi ìrù ṣe ìdìmú àfikún ni, bí ẹni tó ń gun àkàbà tó tún fi ọwọ́ kan di ògiri mú.

#24 Ọmọ_Ẹlẹ́ja

"Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá." Yapok ò gorí ìrókò, ojú Ayàwòrán dá.

#25 Ayàwòrán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ná.

Ìran tí mo fẹ́ràn jù ni o. Kò sí ẹranko alápò kékeré kankan tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi, ilẹ̀, igi?

#26 Olùkọ́_Àgbà

Wọ́n wà. Opossum olójú mẹ́rin kan wà, Philander. Ojú méjì ló ní, àmì funfun tó wà lókè ojú kọ̀ọ̀kan ló fi dà bí mẹ́rin. Ó ń wá oúnjẹ nílẹ̀, ó mọ igi gùn, ó sì mọ lúwẹ̀ẹ́. Èkejì ni Lutreolina, tó ń gbé pápá koríko Ajẹntínà àti Úrúgúè àti ibi tó yí wọn ká: ara rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Òun náà ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì ń gun igi. Àwọn méjèèjì kò ní awọ ìka bíi ti yapok.

Mo gbà pé èyí ló yẹ kí o rí níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tọrẹ fún ọ̀kankan. Yapok ti fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ fún odò.

Bí igi ló bá wù ọ́ ṣáá, opossum onírun rírọ̀ kan wà, Caluromys, tó ń gbé orí igi ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Bó ṣe ń rìn lórí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀: ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì. Bí ọ̀bọ ṣe ń rìn nìyẹn, àwọn onímọ̀ sì ti ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ayàwòrán tó bá lo ìrìn ilẹ̀ fún un lórí igi á ṣe àṣìṣe tí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ọ yẹn á tètè rí.

#27 Jagunmólú

Nígbà náà kó pa yapok tì, kó mú olójú mẹ́rin. Ìran mẹ́ta á pé. Ìṣirò lásán ni.

#28 Ayàwòrán

Rárá o. Mi ò lè pa okùn ẹnu àpò owó yẹn tì mọ́. Ẹni tó na ọwọ́ sínú òkùnkùn ńkọ́? Mo kúkú máa fi ìran méjì ṣe é.

#29 Ìyá_Ìbejì

Ọmọ mi, jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ní oyún wọn kì í pẹ́. Ṣé inú àpò ni ìyá ń bí ọmọ sí ni? Bí kì í bá ṣe ibẹ̀, báwo ni ọmọ ọjọ́ kan ṣe ń dé inú àpò?

#30 Olùkọ́_Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ máa béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lọ.

Kì í bí i sínú àpò. Ọmọ alápò máa ń jáde síta, á sì fi agbára ara rẹ̀ dé ibi tí ọmú wà. Oyún opossum Virginia, bí àpẹẹrẹ, kì í ju ọjọ́ 12 tàbí 13 lọ. Ojú ọmọ náà kò tíì là. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dà bí èéhù kékeré, kò wúlò fún ohunkóhun. Apá iwájú nìkan ló lágbára. Á gbá irun ikùn ìyá mú, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, orí á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí á fi dé orí ọmú, tí á sì gbé e sẹ́nu. Àwọn tó ti wò ó sọ pé bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló ṣe rí.

Ti yapok, ẹnu àpò tó kọjú sẹ́yìn á jẹ́ kí ọ̀nà náà kúrú. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ló sábà ń wà nínú àpò, wọn kì í ju márùn-ún lọ.

#31 Akọ́niLúwẹ̀ẹ́

Ẹ dúró o. Ọwọ́ ló fi ń lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò ṣe nǹkan kan? Ìdàkejì ìyá rẹ̀ nínú odò gan-an nìyẹn! Ìyá ń fi ẹsẹ̀ tì, ọwọ́ ń wá ọ̀nà. Ọmọ ń fi ọwọ́ fà, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé e lásán.

#32 Ayàwòrán

Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí n wá pẹ́ńsù.

Ìran ìkẹta ti dé. Kò sí igi, irun ìyá ni igbó rẹ̀. Mo máa sún mọ́ ọn débi pé irun kọ̀ọ̀kan á ga bí igi, ẹni tó ń wò ó ò ní mọ ibi tó wà, títí àpò á fi ṣí. Èyí á tiẹ̀ lọ síwájú ìran omi, kó tó di pé a rí ìyá tó fún ẹnu àpò pa tó sì bẹ́ sódò.

Àwòrán afọwọ́lúwẹ̀ẹ́ tí mo ti yà fún ọjọ́ mẹ́rin, mo lè gé ọwọ́ rẹ̀ lò fún ọmọ yẹn?

#33 Olùkọ́_Àgbà

Gé e. Ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan o, kì í ṣe méjèèjì pọ̀. Má gbàgbé láti dín ìka kù sí bíńtín, kí o sì yọ irun kúrò lára ọmọ, ìhòòhò ni wọ́n ń bí i.

Kí n tó gbàgbé: ìyá rẹ̀, àwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú àmì dúdú gbàgbàgbà tó dábùú ẹ̀yìn, ìlà dúdú kan sì so wọ́n pọ̀ lórí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ikùn funfun. Ìrù dúdú, ṣóńṣó rẹ̀ funfun tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

#34 Ọmọ_Ẹlẹ́ja

Kí ni alákàn rí ṣe nínú eré yìí? Mo fẹ́ sọ ohùn alákàn.

#35 Ayàwòrán

Alákàn ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ méjì á yọ sí i látinú òkùnkùn, ó tán. Tí ẹ bá lè ké "yéè" kan tó dáa, iṣẹ́ yín ni.